Bísí, má tíì fi kẹ̀kẹ́ yẹn ránṣẹ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú.

Bísí mi,

Leeds ńkọ́, òtútù ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ó ní kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, irọ́ ni, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Títí àbúrò rẹ fi àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ tí o rí rà fún Ayọ̀mídé ọmọ rẹ̀ hàn mí. Ó ń dán, táyà rẹ̀ lè gun òkè Mápó. Jọ̀ọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Ka lẹ́tà yìí dópin kí o tó bínú.

Ti àgbàlagbà ni. Ibi ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 18, ìbàdí Ayọ̀mídé ò sì ju 9 lọ. Tí a bá gbé e síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa wọ́ sí lójoojúmọ́, eegun ẹ̀yìn á tẹ̀ síbi tó ń wọ́ sí, orí eegun itan á sì máa yọ kúrò lójú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ìjókòó rẹ̀ yẹn tún máa ń rọ̀ wálẹ̀ láàárín, á sì máa ti orúnkún méjèèjì lu ara wọn. Ohun tí wọ́n fi ń ti arúgbó láti wọ́ọ̀dù lọ síbi X-ray, ọmọ ọdún méje ò lè fi í gbé ayé.

Káfíńtà ẹ̀yìn ilé Màmá lè kan èyí tó bá a mu, pẹ̀lú pílíwúùdù onídajì ínǹṣì. Láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún ọmọ náà jẹ́ ínǹṣì 11. A ní kí ibi ìjókòó jìn ní 10, kí etí pákó má bàa máa gé e lẹ́yìn orúnkún. Tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ á yọ̀ wá síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ká. Fífẹ̀ rẹ̀ náà, ínǹṣì 10. Pátákó ìtẹ́sẹ̀ á wà ní ínǹṣì 11 sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n láti orí fóòmù ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Orí pákó ni àwọn káfíńtà sábà máa ń ti wọ̀n ọ́n, tí fóòmù bá wá dé orí rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ á máa fì lófuurufú, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹlẹ̀ kò lè fi ọwọ́ ṣe nǹkan gidi kan.

Ìdí ni gbogbo àṣírí àga náà. O mọ bí ara Ayọ̀mídé ṣe máa ń rọ́ láti ìgbà tí ibà pọ́njú ọmọ tuntun ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi tí kò rán an. Tí inú rẹ̀ bá dùn tàbí tí ẹ̀rù bá bà á, á na gbọọrọ, ìdí á yọ síwájú, orí á dà sẹ́yìn. Ohun tó ń dá ìyẹn dúró ni kí iwájú ibi ìjókòó fi bí ínǹṣì kan ga ju ẹ̀yìn lọ, kí itan lè ká dáadáa, kí bẹ́líìtì sì gba orí ìbàdí kọjá, kó máa fà á wálẹ̀ àti sẹ́yìn. Bẹ́líìtì orí ikùn ò dára. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ń gbà yọ́ wálẹ̀, bẹ́líìtì á wá gun àyà dé ọrùn. Kí wọ́n fi ìdì fóòmù kékeré sáàárín orúnkún, kí tábìlì iwájú rẹ̀ ga dé ìgúnpá, kí wọ́n wá kan ọ̀pá kúkurú kan mọ́ tábìlì náà lóòró lápá òsì. Tí káfíńtà bá máa gbàgbé nǹkan, kó má jẹ́ ọ̀pá yẹn. Bí Ayọ̀mídé bá ti fi ọwọ́ òsì di nǹkan mú ṣinṣin, orí rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún á dúró.

Kí n tó gbàgbé: Kúnlé ti padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣadé ti kó lọ sí Àkóbọ̀, a ò rí iná láti ọjọ́rú, ewúrẹ́ yẹn ò tíì kú.

Ọ̀rọ̀ tó ń gbé mi lọ́kàn ni oúnjẹ. O mọ Màmá. Wọ́n ṣì máa ń gbé Ayọ̀mídé lé itan, wọn á da orí rẹ̀ sẹ́yìn, wọn á sì máa rọ ọ́ ní ògì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ èmi àti ìwọ náà tí a ò kú, ṣùgbọ́n ọ̀fun tiwa máa ń pa dé lásìkò. Tí orí bá dà sẹ́yìn, ọ̀nà èémí á là sílẹ̀, ògì tó ń ṣàn á sì ti débẹ̀ kí ọmọ tó múra àtigbé e mì. Òtútù àyà tó ń mú un léraléra yẹn, kì í ṣe fáànù, kì í ṣe ọ̀tá ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ láàárín oúnjẹ, omi lójú, ohùn tó dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀, gbogbo ìyẹn ni àmì rẹ̀. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ wà tí wọn kì í wúkọ́ rárá, àwọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Orí àga ni kó ti máa jẹun, kí àgbọ̀n tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí àyà. Kí ẹni tó ń fún un jókòó níwájú rẹ̀, kí ojú wọn ṣe déédéé. Tó bá wà lórí ìdúró, orí ọmọ á tún gbé sókè tẹ̀ lé e. Ṣíbí ike tó le, tí kò jìn, tí kò sì lè kán. Ìdajì ṣíbí ìpotíì lẹ́ẹ̀kan. Kó gbé e lé àárín ahọ́n, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó dúró kí ètè pa dé, kó wá fà á jáde tààrà. Kó má fi eyín òkè nu ṣíbí, nítorí ìyẹn ló ń gbé orí sẹ́yìn. Ẹ̀wà lílọ̀ tó ní epo, àmàlà rírọ̀ tí kò ní kókó, ògì tó ki dé ibi tí ipa ṣíbí ò ní tètè parẹ́. Gàrí rírẹ, rárá: omi rẹ̀ á sáré lọ, horo rẹ̀ á dúró lẹ́yìn, ewu méjì nínú abọ́ kan. Omi lásán náà léwu, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ògì mú un ki. Tí oúnjẹ bá ti ń lọ sí 40 ìṣẹ́jú, kí wọ́n fi sílẹ̀. Okun tó ń ná ti ju èyí tó ń jẹ lọ. Lẹ́yìn náà, kó wà ní ìjókòó fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó tẹ́ ẹ.

Wàyí o, gbọ́ ti ayọ̀. Ọmọ yẹn mọ nǹkan, Bísí! Ibi tí ibà pọ́njú máa ń bà jẹ́ nínú ọpọlọ ni ibi tó ń darí ara, ti ìgbọ́ràn, àti èyí tó ń gbé ẹyinjú sókè. Ìrònú sábà máa ń bọ́ níbẹ̀. Gbogbo àwòrán tí wọ́n ń gbé sókè fún un láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ní kò bìkítà, ojú rẹ̀ ò lè dé ọ̀hún ni. Ẹ gbé nǹkan méjì sí ìwọ̀n àyà rẹ̀, kí àlàfo wọn má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, torí tí orí bá yí jìnnà, apá ẹ̀gbẹ́ yẹn á na fúnra rẹ̀. Ẹ bi í pé èwo ló fẹ́, kí ẹ wá pa ẹnu mọ́. Ẹ ka ení dé ẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú. Ẹni tó bá tún ìbéèrè béèrè ti da ọmọ padà síbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ipò wọn, kó lè dájú pé nǹkan náà ló ń wò. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n bi í bóyá Màmá ni kó fún un lóúnjẹ tàbí ìyá rẹ̀. Ó wo Títí. Wọ́n pààrọ̀ ìjókòó, ó tún wo Títí. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kó máa ta gìrì tí ilẹ̀kùn bá pa dé kò fi hàn pé ó ń gbọ́ dáadáa o. Ibà pọ́njú lè jẹ́ kí ariwo wọlé kí ọ̀rọ̀ má yé èèyàn. Wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí fún un. Kó tó di ìgbà náà, kí wọ́n kọjú sí i bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ṣíbí hàn án kó tó jẹun, kàn-ìn-kàn-ìn kó tó wẹ̀, nǹkan kan náà lójoojúmọ́.

Ilé ìwé kan ní kí wọ́n mú un wá tó bá ti lè rìn. Òfin Nàìjíríà lórí àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019, ní kí ilé ìwé ìjọba gbà wọ́n, kí ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn wà níbẹ̀. Títí ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ń gbé e kiri nínú báàgì bí ìbọn. Olórí ilé ìwé náà ló ń ṣe mí láàánú.

Ó dáa, ohun tí mo ti ń yí ká láti òkè rèé: Títí lóyún, oṣù keje. Ó fẹ́ sọ fún ọ fúnra rẹ̀ ní Sátidé.

Màmá ti gbé àpótí aṣọ ọmọ jáde, ti Ayọ̀mídé ìjelòó. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo yàrá. Bẹ́ẹ̀ èsì ẹ̀jẹ̀ Ayọ̀mídé ti dé, G6PD rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó. Lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kánfọ̀ funfun yẹn ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, ohun tó sì ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń pọ́n ojú tó ń lọ bá ọpọlọ. Èyí tó ń bọ̀ náà lè ní i, pàápàá tó bá jẹ́ ọkùnrin. Ká fọ̀ wọ́n, ká sá wọn sóòrùn, ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Aṣọ tuntun ni, kí nǹkan tó ní mẹ́ńtólù má sì kan ìwọ́ ọmọ. Kí wọ́n máa wo ẹyinjú àti èrìgì rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá pọ́n lọ́jọ́ kìíní, tàbí tí ọmọ bá ń sùn tí kò mu ọyàn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, fún iná búlúù tí wọ́n fi ń wo ibà pọ́njú. Oòrùn àárọ̀ àti omi gúlúkóòsì ò lè wò ó.

Màmá ò gbọ́ tèmi. "Ẹ̀yin tíṣà" ni wọ́n ń pè mí. Ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Tí Títí bá ti sọ fún ọ tán, pè wọ́n. Má ṣe sọ̀rọ̀ àpótí àti Ayọ̀mídé pọ̀ rárá, Bísí. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi di aṣọ wọ̀nyẹn, ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi wọ̀ ọ́ fún un. Sọ pé ọmọ àbúrò rẹ ò ní wọ àlòkù, pé láti Leeds ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ti ń bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n bínú sí fọ́ńté rẹ, ìyẹn sàn. Owó tí o fẹ́ fi kó kẹ̀kẹ́ wá, fún káfíńtà nínú rẹ̀, kí o sì fi ìyókù ra aṣọ. Má fi kánfọ̀ sínú báàgì o.

Tí Títí bá sì pè ọ́, pariwo bí ẹni tí kò gbọ́ rí. O lè ṣe é.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́