Lẹ́tà sí Ìyá Àdínì, tó fi mí sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ìyá mi,

Wọ́n ti pín in o. Ọjọ́ kejì fìdáù ni wọ́n jókòó sí pálọ̀ yín, lórí àga tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé fẹ̀yìn tì, wọ́n ń pín ohun tí ẹ fi òfì títà kó jọ. Àwa obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń bu ìrẹsì sáwo. Àáfà ń ké Súrátù Nísáì, tó sọ bí a ṣe ń pín ogún, ohùn rẹ̀ sì dùn, kí n má purọ́. Mo gbọ́ orúkọ bọ̀dá mi. Mo gbọ́ ti àbúrò mi ọkùnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àmín.

Ẹ ò bímọ, ọkọ yín ti lọ tipẹ́, bàbá mi tó jẹ́ àbúrò yín kan ṣoṣo sì ti ṣáájú yín. Nínú ẹ̀sìn wa, ọ̀rọ̀ irú èyí ò lọ́jú pọ̀: àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló máa jogún yín, èmi ọmọbìnrin ò sí níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà. Tó bá jẹ́ ti Yorùbá ni, ohun tó yẹ kó kan bàbá mi ni gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ ìbá jọ pín, kò sẹ́ni tí ìbá wò bóyá ṣòkòtò ni mo wọ̀ tàbí ìró. Ṣùgbọ́n ẹ ti wí fún gbogbo ẹbí pé bí Mùsùlùmí ni kí wọ́n sin yín, bí Mùsùlùmí ni kí wọ́n pín ogún yín. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn nígbà tó bá kàn mí.

Wàsíyà, ohun tí èèyàn bá sọ pé kí wọ́n fún ẹnìkan lẹ́yìn ikú òun, ni ìjà mi. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró níwájú àsàlátù láràárọ̀ Sọ́ńdè, tí ẹ máa ń sọ ìtàn Sáàdù ọmọ Abí Wàkáàsì fún wa, pé ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó fẹ́ fi gbogbo dúkìá rẹ̀ ṣe wàsíyà, Ànábì ní rárá. Ó ní ìdajì ńkọ́, Ànábì ní rárá. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta, Ànábì ní ó dáa, ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn gan-an pọ̀. Ẹ ó na ìka mẹ́ta sókè, ẹ ó ká méjì. "Ẹni tí kò sí nínú ajogún nìyẹn wà fún," bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ta wá ni ẹni tí kò sí nínú ajogún, Ìyá mi? Ta ló ń gbé yín wọ balùwẹ̀? Bébà kan péré. Bí ọwọ́ yín ò tiẹ̀ lè kọ ọ́ mọ́, ẹnu yín níwájú ẹlẹ́rìí méjì ti tó.

Wọ́n ké ẹsẹ kọkànlá, wọ́n ké ẹsẹ tó kẹ́yìn súrà náà. Wọ́n fo ẹsẹ kẹjọ. Ẹ̀yin lẹ fi í hàn mí: bí ẹbí tí kò jogún, ọmọ òrukàn àti tálákà bá wà níbi tí wọ́n ti ń pín in, kí wọ́n fún wọn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tó dáa. Ọ̀rọ̀ tó dáa tí mo rí gbà lọ́jọ́ náà ni pé ìrẹsì yẹn dùn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo wà tí Olóòlù, eégún Ìbàdàn tí obìnrin ò gbọdọ̀ rí, fi sọ sí mi lọ́kàn.

Ọjà Òjé ni, lásìkò egúngún. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá Àlàásárì tán, omi ṣì ń kán lápá yín. Ọmọkùnrin kan sáré kọjá, ó ń lọgun: "Obìnrin, ẹ wọlé o! Olóòlù ń bọ̀!" Ọjà tú. Obìnrin tó ń ná òfì ìgbéyàwó lọ́wọ́ yín ju ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ó gbé ẹ̀gbẹ́ kejì sá lọ. Ẹ fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ti ilẹ̀kùn páànù, ẹ tì mí sáàárín ìdì aṣọ. Òkùnkùn birimùbirimù. Síbẹ̀, ẹ tún fi ọwọ́ tútù yẹn bò mí lójú. Ibẹ̀ ni kò kúrò lára mi títí dòní: ilẹ̀kùn ti tì, a ò rí ara wa, kí lẹ tún ń bò lójú mi? Ọwọ́ kejì ń já tẹ̀sùbáà, mo ń gbọ́ ọ, kó, kó, kó, ìlù ń bọ̀ níta, pàṣán ń dún. Mo ní, "Ìyá, ṣé Ọlọ́hun ò ju Olóòlù lọ ni?" Ẹ gbá mi lẹ́nu, kò le. Ẹ ní, "Dákẹ́. Ìbàdàn là ń gbé."

Nígbà tó kọjá, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ kírun yín lásìkò, ẹ sì tún ta òfì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ò tiẹ̀ dín owó.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí mo rò pé mo ti mọ ẹ̀sìn tán, mo pe ohun tí ẹ ṣe yẹn ní ẹbọ. Nígbà tí mo lọ́kọ, mo pè é ní ọgbọ́n. Pàṣán kì í bi èèyàn léèrè bóyá ó ti kírun. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tí màá pè é. Ṣé Olóòlù lẹ bẹ̀rù ni, àbí àwọn ọmọ ìta tó ń tẹ̀ lé e, àbí ẹnu ará ọjà? Ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń ki oríkì ilé wa níbi ìsọmọlórúkọ, tògún tògún, teégún teégún, tí ẹ ó kì í tán, tí ẹ ó wá ṣe bísímílà láti jẹun. Ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń yí i. Ẹ kọ́ mi ní kéwú, ẹ kọ́ mi ní òfì, ẹ ò kọ́ mi ní ìyẹn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí obìnrin wọlé, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ wọlé, ẹ ó sì fà mí tẹ̀ lé yín.

Ọmọ mi ti ń wọ níkáàbù. Òun ló yàn án, mi ò fipá mú un. Ó ní híjáàbù tèmi kéré. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ ogún yìí, ó jókòó tì mí, ó ní, "Mọ́mì, bí Ọlọ́hun ṣe pín in nìyẹn, ẹ má kùn." Òótọ́ ló sọ. Ó gbá mi lẹ́nu bí ọwọ́ yín.

Bọ̀dá mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ ta ilé ni. Ajẹ́ǹtì ti wá wo yàrá méjì tí mo ń gbé, ó ní kí n wá ibòmíràn kí ọdún tó parí. Ilé tí mo rí, owó ọdún méjì ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, owó ajẹ́ǹtì lọ́tọ̀, owó lọ́yà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lọ́ńlọ́ọ̀dù á wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Bàbá wọn ńkọ́?" Kí n wí fún un pé a ti kọ ara wa?

Àáfà kan ní àsàlátù sọ pé gbèsè ló ṣáájú ogún, pé owó tí mo ná lórí yín ní ọsibítù, tí kì í bá ṣe pé mo fi ta yín lọ́rẹ ni, gbèsè ni. Ó ní kí n kó rìsíìtì wá. Rìsíìtì! Ta ló ń tọ́jú rìsíìtì ìyá rẹ̀? Mo ti tú gbogbo báàgì mi, díẹ̀ ni mo rí. Ọjọ́ Àlàmísì ni mo máa kó o lọ.

Ìdì òfì mẹ́ta tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Mo ti gbé wọn lọ Òjé, mo sì ti tà wọ́n. Bí wọ́n bá bèèrè, ẹsẹ kẹjọ ni màá ké fún wọn. Owó rẹ̀ ni mo fi san owó sùkúù ọmọ láàárọ̀ yìí. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé hàláálì ni. Mo ní kó lọ wọ bàtà, pé aago méje ti lù.

Àbẹ̀kẹ́ yín