Lẹ́tà sí Adéwálé ní Leeds: Bí Màmá Yóò Ṣe Rí Róòmù

Róòmù, Ítálì

Adéwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé Màmá ń gbèrò àtifi ojú ara wọn rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ tí wọ́n ti ń wò nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ Àgùdà láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti wà ní ọmọdé. O bi mí pé èló ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kó dání kí ó tó lè wá sí Róòmù. N kò lè dá iye kan fún ọ, nítorí ìlú yìí gba olówó, ó sì gba mẹ̀kúnnù. Ohun tí mo ti rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibí ni pé ohun tí ènìyàn kò bá fi owó san, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi san án. Ìwọ àti ìyàwó rẹ lè fi ẹsẹ̀ san, ṣùgbọ́n Màmá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn wọ́n, nítorí náà orí orúnkún yẹn ni kí a gbé gbogbo ètò náà lé.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ owó rárá, físà ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò ọlọ́jọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá tí ó ní ti Nàìjíríà nílò físà Schengen, èyí tí ó wà fún Ítálì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn. Má ṣe rò pé ìgbà tí wọ́n bá dé Leeds ni ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a, nítorí ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ti yẹ kí ó béèrè fún un, ẹni tí ó sì wá kí ọmọ kì í ṣe olùgbé Leeds. Nàìjíríà ni kí wọ́n ti gbà á. Yúrò 90 ni owó rẹ̀, wọn kì í sì í dá a padà bí físà kò bá jáde. Wọn yóò tún béèrè ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tí ó lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè físà wọlé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ìkánjú.

Bí ẹ bá balẹ̀ sí Fiumicino, pápákọ̀ òfúrufú Róòmù, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ tààrà sí Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó wà láàárín ìlú, jẹ́ yúrò 14 fún ẹnì kan, èyí tí ó jẹ́ 42 fún ẹ̀yin mẹ́ta. Tákísì tí ìlú fọwọ́ sí ní iye kan pàtó, nǹkan bí yúrò 55, dé ibikíbi nínú odi ìlú àtijọ́, ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ ó wọ̀ ni yóò sì já yín sí. Yúrò 13 péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ wọ tákísì.

Ilé mi ni ì bá wù mí kí ẹ wọ̀, ṣùgbọ́n àjà kẹrin ni mo wà, kò sì sí líìfútì. Àwọn Sístà kan wà tí wọ́n ń gba àlejò sínú ilé wọn; yàrá wọn mọ́, kò ní fàájì kankan, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn ní alẹ́, èyí tí Màmá yóò fẹ́ràn ju ìwọ lọ. Bí àbúrò rẹ tí ó wà ní Houston bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ẹ lè lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìlú ń gba owó orí lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó ń tó yúrò 10 ní hòtẹ́ẹ̀lì onírawọ̀ márùn-ún.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Agogo méje àárọ̀ ni kí a ti débẹ̀, kí ìlà tó gùn, kí oòrùn sì tó mú. Wọn kì í gba ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ wà ní gbangba wọlé. Ìró àti bùbá Màmá kò ní wàhálà, ìyàwó rẹ ni kí o sọ fún. Ẹ má gun òkè ilé náà o. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 551, bí ènìyàn bá tilẹ̀ wọ líìfútì, 320 ṣì kù nílẹ̀. Mo gùn ún ní ọdún tí mo dé, ó sì di ọjọ́ kejì kí n tó lè sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Ọjọ́rú tí Póòpù bá ń gba àlejò, ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ti mùsíọ́mù Vatican ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tí ń yin ọ̀fẹ́: lóòótọ́ ni wọn kì í gba owó ní Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, ṣùgbọ́n ìlà ọjọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ìyá ẹni sí. Ẹ san yúrò 20, kí ẹ fi 5 kún un láti yan àkókò yín sílẹ̀.

Yúrò 18 ni tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, gbàgede ìwòran ńlá ti àwọn ará Róòmù àtijọ́; ahoro ọjà àti ààfin àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wà nínú owó náà, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ kò dára fún orúnkún. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ wọlé. Èmi yóò fi tákísì gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro in Vincoli tí kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n sọ pé a fi de Pétérù sí, tí ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ sì wà. A kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀, àga sì wà láti jókòó. Wọ́n máa ń tì í ní ọ̀sán, nítorí náà òwúrọ̀ ni kí a fi í sí.

Oúnjẹ kò le. Bí ẹ bá mu kọfí ní ìdúró, kò ní wọ́n tó ti ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì, omi ẹ̀rọ tí ń dà ní ojú pópó sì tutù, ó ṣeé mu; láti 1874 ni wọ́n ti ń ri àwọn ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé Màmá kò lè jẹ páṣítà kọjá ọjọ́ méjì. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa wà ní ọjà Esquilino, n óò máa sè é wá bá wọn.

Ẹ yẹra fún oṣù Ògọ́ọ̀sì nítorí ooru, àti fún ọ̀sẹ̀ Àjíǹde nítorí èrò. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Fẹ́búárì ni mo fara mọ́. Ilé wíwọ̀ máa ń dínwó, òtútù rẹ̀ kò sì tó ti Leeds. Kọ̀wé sí mi ní kété tí Màmá bá ti ní ọjọ́ tí wọn yóò lọ fún físà, kí n lè bá àwọn Sístà sọ̀rọ̀ nípa yàrá ìsàlẹ̀, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Olúṣọlá