Ẹ má lé ẹ̀pà kúrò lẹ́nu wa, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ kọ́ wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni a ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Ọmọ mi ló máa ń rà á bọ̀ láti Tákìé, ojú ìwé ìlera ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí nípa àwọn tó fẹ́ dín ara kù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní kí wọ́n jìnnà pátápátá sí ẹ̀pà àti bọ́tà ẹ̀pà nítorí ọ̀rá inú rẹ̀. Ẹ̀pà ni iṣẹ́ mi. Mò ń yan án, mò ń lọ̀ ọ́, mo sì ń tà á fún àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH àti àwọn ará àdúgbò wa. Ẹnìkan lè sọ pé torí àtijẹ mi ni mo ṣe ń fọhùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi ni.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń ra ẹ̀pà lílọ̀, ìyẹn bọ́tà ẹ̀pà, ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa ga, pé kó dín ara kù, ó sì ń sa gbogbo ipá rẹ̀. Nígbà tó ka ohun tí ẹ kọ, ó wá bá mi nídìí igbá, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò ní lè máa rà á mọ́.” Mo bi í pé kí ló wá ń jẹ bí ebi bá pa á lọ́sàn-án. Ó ní bisikíìtì àti mínírà ni. Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Ìgò mínírà 50cl kan lè ní kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, tó 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà sì ni gbogbo rẹ̀. Kò tíì kan bisikíìtì o. Kí wákàtí kan tó kọjá, ebi á tún ti máa pa ọmọ náà.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀pà. Ẹni tó bá ti bu ẹ̀pà lílọ̀ gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí òróró ṣe máa ń dán lọ́wọ́ ẹni. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà, ọ̀rá tó ìdajì. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, ti purotéènì àti ti ṣítáàṣì kò ju 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí ìjẹun méjì bọ́tà ẹ̀pà, tó jẹ́ bíi gíráàmù 32, fi ń tó kálórì 190. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bá a wọlé: purotéènì tó tó gíráàmù 7, fáíbà, ìyẹn háríhá inú oúnjẹ, bíi gíráàmù 2, àti ọ̀rá tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í dì, tí kò le fún ọkàn bí ọ̀rá ẹran. Ó máa ń pẹ́ nínú kó tó dà. Ẹni tó jẹ ẹ́ níwọ̀nba lè ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán láìwá nǹkan fi panu.

Ṣíbí gan-an ni ìṣòro. Ṣíbí ìjẹun kan tí a fi ọ̀bẹ ré orí rẹ̀ kó lè tẹ́jú jẹ́ bíi gíráàmù 16, kálórì rẹ̀ á sì tó 95. Ṣíbí yẹn kan náà, bí a bá bù ú kó ga lórí, ó lè di ìlọ́po méjì. Mo máa ń ṣe é lójú àwọn oníbàárà mi. Màá ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bù ú bí wọ́n ṣe máa ń bù ú nílé. Ẹ̀pà lílọ̀ kì í ṣe omi, á ga lórí ṣíbí, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, á tún so rọ̀ létí rẹ̀. Màá wá fi ọ̀bẹ ré orí rẹ̀, màá ha ẹ̀yìn rẹ̀, màá kó èyí tí mo ré sínú ṣíbí kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣíbí kejì náà máa ń kún. Ẹnu á yà wọ́n. Ẹni tó ní ṣíbí kan lòun ń jẹ láràárọ̀ ti ń jẹ méjì, ká má tíì ka èyí tó lá lára ṣíbí àti èyí tó fi ìka nù létí ike. Bí ojú ìwé ìlera yín bá kọ nípa ọ̀bẹ yìí nìkan, á ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn láǹfààní.

Wọ́n máa ń ki ìlú wa pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Orí mi máa ń wú bí mo bá gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ki ẹ̀pà lé orí ọkà tó ti jẹ yó. Bí ẹ̀pà bá wọlé, kí nǹkan mìíràn jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀pà lílọ̀ mu ògì láàárọ̀, ẹ yọ mílíìkì àti ṣúgà kúrò níbẹ̀. Ṣíbí kan tí a ré ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó nínú ife kí ẹ tó dà á sínú ògì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣù. Bí ẹ bá fẹ́ fi se ẹ̀fọ́, ẹ dín epo pupa kù, nítorí ṣíbí ìjẹun epo kan ṣoṣo tó kálórì 120. Fún ọmọ yunifásítì tí ebi ń pa lọ́sàn-án, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ kan nínú ike kékeré, àpapọ̀ wọn jẹ́ bíi kálórì 200. Kò ju ti mínírà yẹn lọ, ó sì ń dúró nínú.

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò lè kó ara òun níjàánu níwájú ike ẹ̀pà lílọ̀, kó máa ra ẹ̀pà yíyan. Ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 28, ń lọ sí kálórì 160 àti díẹ̀. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ wóro-wóro, ẹnu máa ń tètè rẹ èèyàn. Ìfun náà kì í sì í rí gbogbo òróró inú ẹ̀pà tí a feyín rún fà, apá kan ń bá ìgbẹ́ jáde. Èyí tí ẹ̀rọ ti lọ̀ kúnná ń wọ ara jù ú lọ. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kulíkulí ni àwọn yóò máa jẹ nítorí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò. Inú òróró náà ni wọ́n ṣáà tún ti ń dín in.

Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ẹ má ra á torí pé wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ọ̀rá rẹ̀ kéré. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kálórì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, torí ṣúgà àti ṣítáàṣì ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé ohun tí wọ́n bá pè ní bọ́tà ẹ̀pà, ó kéré tán, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀pà. Tèmi, ẹ̀pà nìkan ni, àfi bí ẹni tó ń rà á bá ní kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bí òróró bá wá léfòó lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kò bàjẹ́ o, ẹ rò ó pọ̀ ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń da òróró ìgò àti ṣúgà mọ́ ẹ̀pà lẹ́nu ẹ̀rọ kó lè pọ̀, tí wọn kò sì ní sọ fún ẹni tó ń rà á. Mo ti fojú mi rí i. Báwo ni ẹni tó ń ka kálórì yóò ṣe ka ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un? Ẹ máa bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ kìlọ̀ nípa ẹ̀pà, ẹ kìlọ̀ nípa èyí tó ti bu, tí èébu ti mú. Ẹ̀pà tí wọn kò sá gbẹ dáadáa, tí wọ́n dì sínú àpò nígbà òjò, ó máa ń bu, májèlé sì wà nínú èébu yẹn. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bu ṣe ni wọ́n fún wọn jẹ. Nídìí ikú wọn ni àwọn onímọ̀ ti ṣàwárí májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Iná kì í pa májèlé náà tán, bó ti wù ká yan ẹ̀pà tó. Nítorí náà, kí n tó gbé agbada iyanrìn kaná, màá ti da ẹ̀pà sórí atẹ, màá ṣa gbogbo èyí tó dúdú, èyí tó hunjọ, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Bí mo bá yan án tán, tí mo fọwọ́ ra á, tí mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, màá tún tẹ́ ẹ kí n tún un ṣà, nítorí ẹ̀pà kan máa ń dára lójú nígbà tó wà nínú èèpo, tí inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Mi ò kì í fún adìyẹ jẹ nínú èyí tí mo ṣà dànù. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́, bí wóro kan bá korò lẹ́nu yín, ẹ tu ú dànù, ẹ má wo ti owó tí ẹ fi rà á. Àwọn tí ẹ̀pà máa ń mú kí ara wọn lé tàbí kí ọ̀fun wọn dí, kí wọ́n má fẹnu kàn án rárá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ kọ nípa dídín ara kù, ẹ fi ohun tó wà nílé wa wọn oúnjẹ fún wa: ṣíbí tí a ré, ẹ̀kúnwọ́, agolo mílíìkì. Láàárín àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi, bóyá la fi lè rí ẹni tó ní òṣùwọ̀n gíráàmù nílé. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ kò sì jìnnà sí yín, wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí wọn, kí wọ́n wọn àmàlà láfún, gàrí, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, kí wọ́n sọ iye kálórì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì tí mo ń pàtẹ sí, kí àwọn ọmọ yunifásítì lè máa kà á bí wọ́n bá ń dúró kí n bu tiwọn.

Èmi ni,
Ìyá Elẹ́pà,
Ògbómọ̀ṣọ́.