Kí fírídọ́ọ̀mù tó dé, kí ọmọ iṣẹ́ ti mọ ibi tó ń lọ

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba fírídọ́ọ̀mù ní Abẹ́òkúta yìí, àgàgà àwọn tó kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú. Wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ta àtíbàbà, ọ̀gá á gbàdúrà lé wọn lórí. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àwọn kan nínú wọn lórí ọ̀kadà ní Láfẹ́ńwá. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀kadà fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ẹni tó kàn ṣàdédé bá ara rẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

Àwọn mìíràn á ní bí orí àwọn ṣe yàn án nìyẹn. Nínú ìtàn Ifá tí a jọ mọ̀, Afùwàpẹ́ náà lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí, ṣùgbọ́n ó ti béèrè ọ̀rọ̀ kó tó gbéra, ó sì kó iyọ̀ àti owó dání. Òun ló san gbèsè tó lé Àjàlá gun òkè àjà, Àjàlá sì bá a ṣa orí tó dára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí kò dúró béèrè mú èyí tójú wọn kọ́kọ́ rí, òjò sì pa á bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀, nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà, ni pé kí ni òun kò tíì mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn mọ bí a ṣe ń fi ìko di aṣọ, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi fóòmù tẹ àbẹ́là, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló máa ń po aró. Kó bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí òun máa pò ó lójú rẹ̀, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ṣíbí aró mélòó, ṣíbí kọ́sítíìkì (sódà líle tó ń jóni) mélòó, ti háídírò (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ wọ aṣọ) mélòó, omi gbígbóná lítà mélòó, fún aṣọ ọ̀pá mélòó. Inú omi ni à ń da kọ́sítíìkì sí. Ẹni tó bá da omi lé e lórí, ó lè hó ta sí i lójú. Kó fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ funfun, kó sì kọ́kọ́ fi omi rẹ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á mú níbì kan, kò ní mú níbòmíràn. Bí aró búlúù irú ti ẹ̀lú bá pò dáadáa, aṣọ á jáde bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Bó bá ti jáde ní búlúù tààrà, háídírò kò tó, tàbí ó ti kú nítorí pé wọn kò dé e pa. Aró bẹ́ẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ aṣọ lásán ni, yóò ṣí lọ́jọ́ tí oníbàárà bá fọ̀ ọ́. Bí háídírò bá sì pọ̀ jù, aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀kejì lè máa ṣí dípò kó máa dúdú sí i. Ẹni tí kò bá lè sọ èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú wọn kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ ti se ìrẹsì.

Ó wá kan owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò aṣọ ọ̀pá márùn-ún kan. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, kí kálukú fi iye ọjà tòní rọ́pò wọn. Ká ní aṣọ, aró, kọ́sítíìkì àti háídírò jẹ́ ₦6,500. Ó tà á ní ₦8,500, inú rẹ̀ dùn pé òun jèrè ₦2,000. Kò ka omi, igi ìdáná àti owó ọkọ̀, ₦1,200. Kò ka owó iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ₦1,500. Aṣọ náà dá a ní ₦9,200, ó ti fi ₦700 ṣe oníbàárà lóore. Nígbà tí oṣù bá parí, á máa fura sí àwọn ará ilé. Kó ní àpò méjì: owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ sínú àpò oúnjẹ, ìyókù jẹ́ ti aṣọ tó kàn.

Àjọ ojoojúmọ́ dára fún owó kéékèèké. Ẹni tó bá dá ₦500 fún ọjọ́ 31 yóò gba ₦15,000, nítorí pé ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Fún owó tó tóbi, èsúsú ni: bí èèyàn 12 bá ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó ₦120,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó o fún, nígbà tí kò tíì sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró de owó náà. Ọjà máa ń yá lóṣù Ọ̀pẹ. Inú Ọ̀wàrà ló yẹ kí èsúsú bọ́ sí, kó fi ra aṣọ sílẹ̀, kí oòrùn Bélú bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ní Òkúdù àti Agẹmọ, òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ bọ̀rọ̀. Kó ti ya owó oúnjẹ oṣù méjèèjì sọ́tọ̀.

Kó wá fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ìwé tó ń kọ ìpopọ̀ aró sí. Ta ni òun fẹ́ máa tà fún, ṣé télọ̀ ni, ṣé àwọn tó ń rajà lórí WhatsApp ni, àbí àwọn alátùntà tó ń wá láti Èkó? Irú iṣẹ́ ọwọ́ wo ni wọn yóò fi dá òun mọ̀? Kí ni òun kò ní ṣe? Fún àpẹẹrẹ, òun kò ní gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí láìgba ìdajì owó. Kó máa kọ wákàtí tó lò ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ọjà kò rìn, ojú ewé yẹn ni yóò sọ bóyá oníbàárà ló kọ̀ tàbí òun ni kò jókòó tì í.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan máa ń fi ìpopọ̀ aró pamọ́ nítorí kí ọmọ iṣẹ́ má baà lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú tiwọn. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wà fún irú rẹ̀: kí wọ́n kọ ibi tí ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ ti ṣòwò sínú rẹ̀, kí òbí náà sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù mẹ́fà ìkẹyìn jẹ́ ti pípo aró àti ìṣírò owó. Ní tiyín, Olóòtú, ẹ bá wa tẹ iye owó aṣọ funfun, kọ́sítíìkì àti háídírò ní Ìtòkú jáde lóṣooṣù, kí àwọn ọmọ yìí lè rí ohun tí wọn yóò fi ṣírò.

Àwa ọ̀gá aláró mẹ́ta,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.