Ẹ Má Gba Ọkọ́ Lọ́wọ́ Ìyá Yín

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, mo sì fi ìkíni tiwa kí àwọn tó ń kà á: òkun o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìntì, Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà sì ni mo ń gbé báyìí pẹ̀lú ìyá mi tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni ohun kan tí mò ń fojú rí lọ́dọọdún nígbà Kérésìmesì àti nígbà Àjíǹde, nígbà tí ọkọ̀ bá ń wọlé láti Àbújá àti Èkó, tí àwọn ọmọ wa sì ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún àwọn òbí wọn. Agolo àti ìgò oògùn tí wọ́n ń pè ní àdánidá kì í wọ́n nínú ẹrù náà: ti eegun wà níbẹ̀, ti ojú wà níbẹ̀, ti iyè wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ní yóò lé ogbó padà sẹ́yìn náà kò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti tò wọ́n sórí tábìlì tán, ohun tí ẹ ó gbọ́ tẹ̀ lé e ni pé, "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ dé oko mọ́ o. Ẹ jókòó, kí ẹ sinmi." Ìfẹ́ ló ń sọ ọ́ lẹ́nu wọn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú oògùn tí wọ́n gbé wá àti iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá wọn lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ yẹn gan-an ni oògùn.

Inú ilé tiwa ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 76, irú ló ń ṣe tà lọ́jọ́ ọjà, ó sì ń roko ẹ̀gúsí díẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ irú ṣíṣe mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń lo gbogbo ara ni. Ẹ ó se hóró rẹ̀ láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, ẹ ó gbé e sọ̀, ẹ ó gún un tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, ẹ ó gbé e lọ sódò láti fọ̀ ọ́ ní àfọ̀tún-fọ̀, ẹ ó tún un sè, kí ẹ tó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ nínú igbá fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìyá mi a bẹ̀rẹ̀, a nàró, a jókòó sórí àpótí kékeré kan tí kò ju orókùn ọmọdé lọ, a sì dìde lórí rẹ̀ bí ìgbà ogún kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti Àbújá dé, ó ní ìtìjú ni kí ìyá òun máa ṣe irú kiri ní ọjọ́ orí yẹn, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. A ra àga onítìmùtìmù kan tó rọ̀ bí òwú, a ra tẹlifíṣọ̀n, a gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa gbé omi, tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò sì máa gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n wá níbi tí wọ́n jókòó sí.

Kò tó oṣù márùn-ún tí mo fi ṣàkíyèsí ọwọ́ ìyá mi. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga náà, wọn a fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọn a gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, wọn a padà jókòó, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a tún gbìyànjú. Ó di ìgbà kẹta kí wọ́n tó nàró. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn tí í máa ró wérewère bí wọ́n bá ń kọjá lọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kò ró mọ́, nítorí pé wọn ò gbẹ́sẹ̀ mọ́, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ṣubú ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọpẹ́ ni pé eegun kò dá. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n yẹ ṣúgà wò, kò sí ohun tó wọ́. Ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé níbẹ̀ ló fi ọwọ́ wọn itan wọn, tó wò mí lójú, tó ní, "Ìyá yín kò ṣàìsàn o. Ìjókòó ló ń pa wọ́n."

Láti bí ọmọ ọdún 30 tàbí ọdún 40 ni ẹran ara tó ń gbé wa dìde ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọdún 60. Ìsinmi tó pọ̀ jù a sì tún sọ ìrìn náà di eré. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn àgbàlagbà mélòó kan tí ara wọn le dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọjọ́ 10 péré. Nígbà tí wọn yóò fi dìde, ẹran ara tó tó nǹkan bíi kílò kan ti lọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ọjọ́ 10 ni mo wí! Ẹ wá ro ti ìyá tí wọ́n fi sórí àga láti ọdún dé ọdún.

Ìròyìn ayọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun sì ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mú lọ́kùn-únkúndùn. Ní ọdún 1990, dókítà kan, Maria Fiatarone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston kó àwọn arúgbó 10 jọ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 86 sí 96, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ṣe é parí, agbára ẹsẹ̀ wọn sì lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹni 90 ọdún bá lè gba agbára padà ní oṣù méjì, kí ni a ó sọ pé ó pẹ́ jù fún ìyá ẹni ọdún 70 ní Mópà tàbí bàbá ẹni ọdún 75 ní Ìyàrá? Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé kí ẹni tó bá ti pé ọdún 65 máa rìn, tàbí kí ó máa ṣe iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná níwọ̀nba, fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì máa fi ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára, tí kò sì ní jẹ́ kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ẹni tó ń lọ sóko ẹ̀yìnkùlé tó sì ń padà bọ̀ ti ṣe púpọ̀ nínú èyí láìmọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn agolo àti ìgò wọ̀nyẹn, nítorí pé inú mi kì í dùn tí mo bá rí wọn. Ọ̀rọ̀ náà, àdánidá, ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ sára páálí. Ní ọdún 2022, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa àwọn oògùn oríkèé kan tí wọ́n ń tà bí èròjà àdánidá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n bá diclofenac, oògùn tó ń pa ìrora, àti dexamethasone, oògùn alágbára tó ń mú wíwú lọ, nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì lára àkọlé. Abájọ tí orókùn fi fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì! Ṣùgbọ́n diclofenac lè dá egbò sí inú àgbàlagbà, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Dexamethasone ní tirẹ̀ a máa gbé ṣúgà sókè, a máa jẹ́ kí ojú wú, tí ó bá sì pẹ́ lára, a máa sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó lọ́jọ́ pípẹ́ tó wá dá a dúró lójijì lè dákú lọ. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí ìyá kan tí ojú rẹ̀ rí roboto bí òṣùpá, tí ọmọ rẹ̀ sì ń dúpẹ́ pé oògùn ewé tí òun rà ti jẹ́ kí màmá òun sanra. Mi ò gbàgbé ojú ìyá yẹn títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń bú ewé àti egbò. Ewúro wà lẹ́yìn ilé mi, ẹ̀fìnrín wà níbẹ̀, mo sì ń jẹ wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé ewé tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a já lẹ́yìn ilé, tí a fi se ọbẹ̀, yàtọ̀ sí omi dúdú inú ìgò tí a kò mọ ẹni tó pò ó. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó fi àgbo tó ń dín ṣúgà kù kún un, nítorí pé bí méjèèjì bá pàdé, ṣúgà lè já wálẹ̀ kọjá ààlà.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni ẹ̀kọ. Bí eyín àgbà bá ti ń ká, ẹ̀kọ mímu ni à ń fún un láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu lálẹ́, a ó sì wí pé oúnjẹ tó rọ̀ ló bá a lára mu. Ẹ̀kọ lásán kò lè gbé ẹran ara ró. Àwọn onímọ̀ ti dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa jẹ tó gíráàmù kan sí gíráàmù kan lé díẹ̀ èròjà amáradàgbà lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n, ìyẹn ni pé ẹni tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 72, àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, tó yẹ kó gba àṣẹ dókítà. Èròjà yìí tó wà nínú ẹyin kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ. Ó yẹ kí a ro ibi tí ìyókù yóò ti wá, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ilé wa ti yọ. Ọ̀ọ̀lẹ̀ náà rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò léyín, ẹ̀wà ni odindi rẹ̀. Ẹ̀gúsí tí a lọ̀ kúnná, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, irú tí a fọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, kò sí èyí tí kò sí lọ́jà Ìsánlú. Irú tún ní àǹfààní mìíràn: bí ó bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, iyọ̀ àti màgí lè dínkù láìjẹ́ pé ọbẹ̀ té. Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ kọjá lójúmọ́ kò tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí tí a fi ń po tíì, iyọ̀ inú màgí sì wà nínú ìṣirò náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé ṣé mi ò mọ̀ pé ọ̀nà oko ti di ohun ẹ̀rù ni. Mo mọ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò ní oko jíjìn nílẹ̀ Yàgbà, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni rán ìyá rẹ̀ lọ sínú igbó. Oko ẹ̀yìnkùlé tó. Ebè mẹ́wàá, ewédú díẹ̀, tòmátì díẹ̀, ọkọ́ kékeré tí kò wúwo, àti ẹnìkan tí yóò jọ máa ṣe é pẹ̀lú wọn, nítorí pé ìdánìkanwà náà a máa tètè sọ àgbà di arúgbó. Ní Bùnú, àwọn ìyá wa tó ń hun aṣọ kì í dá wà nídìí òfì wọn: ọmọ a wá, ọmọ-ọmọ a wá, aládùúgbò a dúró sọ̀rọ̀.

Kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, ẹni tí tirẹ̀ ti tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra lè máa jó lójú agbo, kó má mọ ohunkóhun. Oko ríro kò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà bá ti kọ sílẹ̀. Ìyá mi ń lo tiwọn láràárọ̀ kí wọ́n tó dé ìdí ewédú.

Àwọn ọmọ wa a máa fi òwe dáhùn pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ó mu ún. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí ọmọ so ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́ ihò. Ẹ bá wọn gbé omi tó wúwo, ẹ bá wọn fi irin ìdìmú sára ògiri balùwẹ̀, ẹ tan iná sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lóru, kí ẹ sì fi owó agolo oògùn yẹn ra ẹja àti ẹ̀wà. Ohun tí ọwọ́ wọn bá ṣì ká, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá mi kò padà sípò lọ́jọ́ kan. A gbé àga onítìmùtìmù kúrò, a gbé àga onígi tó ga díẹ̀ síbẹ̀, mo sì ń jókòó tì wọ́n láràárọ̀ kí wọ́n dìde kí wọ́n jókòó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, èmi náà sì ń ṣe é. Oṣù kẹta ni wọ́n tó ṣe é láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Oṣù kẹfà ni wọ́n béèrè pé ta ló gbé ìkòkò irú àwọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ bá mi tẹ ìdánwò yìí ní lẹ́tà gàdàgbà sí ojú ewé ìlera yín ṣáájú ọdún Kérésìmesì tó ń bọ̀: kí ọmọ tó bá délé gbé àga onígi tó dúró dáadáa ti ara ògiri, kí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀, kí ó ní kí wọ́n ká ọwọ́ wọn sí àyà, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì jókòó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí ó mú wọn lọ rí dókítà tàbí ẹni tó ń tọ́jú iṣan, kí ó sì fi agolo oògùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú mọ́tò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.