Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Owó Àwọn Ará Wassa

Kubwa, Àbújá.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Winnipeg. Ṣé ara ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ le? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ti dá owó jọ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé tí wọ́n wà ní ibùdó Wassa níbí ní Àbújá, pé kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì mi ránṣẹ́ kí ẹ lè sanwó náà síbẹ̀, torí èmi lẹ gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, jọ̀ọ́ má bínú. Owó tí wọ́n fi orúkọ aláìní gbà kò gbọdọ̀ sùn nínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ èmi, ì báà jẹ́ pásítọ̀ wa.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó jọ láti Makedóníà àti Ákáyà fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù, ta ló tún yẹ káwọn èèyàn gbà gbọ́ jù ú lọ? Síbẹ̀ kò dá a gbé. Ka 2 Kọ́ríńtì orí 8: ó rán Títù, arákùnrin kan tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn sì tún wà níbẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan wí sí àwọn lórí owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó tọ́ lójú Olúwa àti lójú ènìyàn pẹ̀lú ló ń wá. Ti ojú ènìyàn yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò dá. Bá a bá béèrè ìṣirò, wọ́n á ní Ọlọ́run rí i, ó ti tó. Ẹlòmíì á ní ká má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Òmíì á fa Mátíù orí 6 yọ, pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ẹni tó ń fúnni ni Jésù ń bá wí níbẹ̀, kó má fi ọrẹ rẹ̀ ṣe fújà. Kò sọ pé kí akápò fi ìwé owó pamọ́ fún ìjọ.

Láyé Jehóáṣì ọba Júdà náà, títí di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, àwọn àlùfáà ń gba owó, tẹ́ńpìlì ò sì rí àtúnṣe. Ọba ní kí àwọn àlùfáà má gbà á mọ́. Wọ́n lu ihò sí ìdérí àpótí, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ló sì jọ ń ka ohun tó bá wà nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní Wassa, láti agbègbè Gwoza ní Borno ni wọ́n ti sá wá, ìlú tí Boko Haram gbà lóṣù kẹjọ ọdún 2014. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n sá wá nígbà náà ti di ọ̀dọ́. Láti ìgbà yẹn, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan wá tí mi ò ní í dárúkọ. Wọ́n so báńà kọ́, wọ́n to àwọn opó sórí ìlà, wọ́n gbé àpò ìrẹsì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí fọ́tò parí, wọ́n kó díẹ̀ nínú àpò náà padà sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ibòmíràn ló kàn. Nígbà tó yá, ọmọ ẹnì kan níbẹ̀ rí fọ́tò ìyá rẹ̀ lórí Facebook, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n ní àwọn fi tọ́jú wọn. Ìyá náà kò gbọ́ iye yẹn rí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, ti àwọn yìí tún wá burú sí i, torí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fọ́ àgbọn kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ìgbìmọ̀ àánú wa pé olùfúnni nìkan kọ́ la jẹ ní gbèsè ìṣirò. Àwọn tí a fi orúkọ wọn gbowó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ iye tó wọlé. Ní Kérésìmesì tó kọjá, kí a tó pín ohunkóhun, akọ̀wé wa dúró láàárín wọn, ó kà á sókè, ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa: iye tó wọlé, iye tá a ra ìrẹsì àti ẹ̀wà, owó ọkọ̀, iye tó kù. Olórí àwọn obìnrin ibẹ̀ mú bírò, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọmọ rẹ̀. Ó ka àpò tó wà nílẹ̀, ó tún un kà, ó ní, "Ẹ pe ẹ̀wà ní àpò 6. Àpò 5 ni mo rí." Gbogbo wa dákẹ́. Dírẹ́bà ló sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, tó gbé ìkẹfà jáde lábẹ́ tapólì. Ìyá náà fàmì sí i, ó ní ká máa bá iṣẹ́ lọ. Mudu ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n níṣojú gbogbo wọn, olúkúlùkù tẹ̀ka síwájú orúkọ rẹ̀. A ò ya fọ́tò ojú ẹnikẹ́ni. Ìwé ìṣirò àti rìsíìtì la yà.

Ará kan nínú ìgbìmọ̀ ní a ń kọ́ wọn láfojúdi. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn ní oko ẹ̀wà kó tó sá kúrò nílé.

Ní ti òfin, CAMA, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ ọdún 2020 ní kí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Abala 839 ni ariwo pọ̀ lé lórí jù, torí ó fàyè gbà á kí wọ́n dá àwọn alákòóso ẹgbẹ́ dúró bí wọ́n bá ṣe owó báṣubàṣu. CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, lòdì sí i gidigidi, mo sì lóye ẹ̀rù wọn, torí ìjọba tó fẹ́ yẹ̀ wá wò kò mọ́ jù wá lọ. Ì bá wù mí ká máa pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jẹ owó opó.

Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kí ẹ san owó náà sínú àkáǹtì tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣí fún iṣẹ́ àánú nìkan. Ẹni mẹ́ta ló ń buwọ́ lù ú, kò sí èyí tó bá ìkejì tan, pásítọ̀ ò sì sí nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Kí ẹ kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e, kí iye owó àti ohun tí ẹ fẹ́ ká fi ṣe wà nínú rẹ̀: ṣé oúnjẹ ni, àbí owó ilé-ìwé? Bí ẹ bá kọ owó ilé-ìwé, a ò ní í fi ra ìrẹsì láìbi yín. Kí ẹ yan ẹnì kan tí kì í ṣe ìwọ, tí akọ̀wé wa á máa fi ìṣirò ránṣẹ́ sí ní tààrà. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ láéláé pé Àbẹ̀kẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ mọ bó ṣe lọ. Kí ẹ sì mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó báńkì á jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo kọ́bọ̀ ló dé ọwọ́ opó, ẹ bi í ẹni tó san owó epo.

Ìgbìmọ̀ máa pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀. Jẹ́ kí lẹ́tà ẹgbẹ́ yín wọlé kó tó di ọjọ́ náà, kí n lè kà á fún wọn, kí olórí àwọn obìnrin Wassa sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Bá mi kí Màmá bí ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Èmi ni tìrẹ,
Àyọ̀ká