Ẹja ló ń tọ́ ọmọ wọn

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ẹran omi tó ń kú run. Ẹ dárúkọ àbùùbùtán, ẹ dárúkọ ìjàpá òkun, àmọ́ ẹ fo mọ́lọ́sìkì, àwọn ẹran ara rírọ̀ tí kò léegun, dá pátápátá. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ìsọ̀rí ẹranko, àwọn ni àkọsílẹ̀ ìparun wọn pọ̀ jù lọ. Ìdílé ńlá sì ni: ìgbín, ìṣáwùrú àti octopus, baba ńlá kan náà ló ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀.

Àwọn tó ká mi lára jù ni àwọn tí ìkarahun wọn jẹ́ aláwẹ́ méjì, tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò, tí wọ́n ń sẹ́ omi mọ́ tọ̀sán-tòru. Ọmọ wọn wẹẹrẹ kì í dá dàgbà. Àfi kí ó lẹ̀ mọ́ lẹbẹ ẹja tàbí ibi tí ẹja fi ń mí, kí ó máa jẹun níbẹ̀ títí tí yóò fi já bọ́ sínú iyanrìn. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹja ló bá wọn lára mu. Àwọn kan nínú wọn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Lampsilis, máa ń fi ẹran ara wọn ṣe ẹja ayédèrú, tojú tìrù, wọn á máa jù ú nínú omi. Bí ẹja ńlá bá sáré wá bù ú jẹ, ọmọ wọn á tú sí i lẹ́nu, ó ti gba àgbàtọ́ ọmọ nìyẹn. Ẹran tí kò tilẹ̀ lórí ló ń tan ẹja báyẹn o!

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Níbí, ẹja ló ń fà. Dáàmù tó dá ẹja dúró ti sé ọ̀nà mọ́ ọmọ wọn. Lọ́dún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ẹ̀yà mẹ́jọ nínú wọn ti pa rẹ́.

Ẹ̀mí gígùn wọn ló sì ń tan àwọn tó ń kà wọ́n jẹ. Èyí tó ń ṣe péálì ní odò Yúróòpù lè lò ju 100 ọdún lọ. Odò á kún fún wọn, wọ́n á ní kò séwu, bẹ́ẹ̀ arúgbó nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí ọmọ kankan kò ti là á já. Ọ̀pọ̀ odò ibẹ̀ ló wà bẹ́ẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún fún akọ̀ròyìn yín ní iye tó kù nínú odò kan, kó bi wọ́n pé: èyí tó kéré jù níbẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ẹja rẹ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín